Láti Èèpo Ẹ̀gẹ́ sí Ọtí Ìdáná: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Oṣù Mẹ́jọ

Ní ẹ̀yìn ibùdó tí àǹtí mi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ń yan gàrí lẹ́bàá Ìwó, òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ kan wà tí ó ga ju èmi lọ. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn a máa dáná sun ún. Nígbà tí òjò bá dé, kì í jó mọ́, a máa jẹrà, omi dúdú tí ń jáde lára rẹ̀ a sì máa ṣàn lọ sí ipadò tí a ti ń pọnmi. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ewúrẹ́ méjì tí aládùúgbò wa ń sìn kú lẹ́yìn tí wọ́n jẹ èèpo tútù níbẹ̀, nítorí pé májèlé sáyánáìdì tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́ pọ̀ lára èèpo ju bí ó ti pọ̀ nínú ẹran ẹ̀gẹ́ lọ. Ikú àwọn ewúrẹ́ wọ̀nyẹn ni ó mú kí n pinnu láti wá ohun tí a lè fi òkìtì náà ṣe.

Ohun tí mo gbèrò ni pé kí n sọ sítáàṣì tí ó kù lára èèpo di ṣúgà, kí n fi ìwúkàrà sọ ṣúgà náà di ọtí, kí n sì sè é bí àwọn tí ń sè ògógóró ti ń ṣe, títí yóò fi le tó ohun tí iná lè mú. Láti oṣù kẹta dé oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni mo fi ṣe é. Ìgbìyànjú mẹ́ta àkọ́kọ́ kò bọ́ sí i, mo sì kọ ohun tí ó bà wọ́n jẹ́ sílẹ̀ níbí pẹ̀lú ìwọ̀n àti owó, kí ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò má baà tún san owó tí mo ti san.

Ìkìlọ̀ kan ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe: ọtí yìí kì í ṣe ọtí mímu rárá. Ní ọdún 2015, ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ̀mí ènìyàn ṣòfò nítorí methanol, irú ọtí olóró kan, tí ó wà nínú ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n mu, ojú kì í sì í dá methanol mọ̀ yàtọ̀ sí ọtí gidi. Èèpo ẹ̀gẹ́ tún ní májèlé tirẹ̀. Sítóòfù àti iṣẹ́ ọwọ́ ni mo ṣe é fún.

Ìpele 1: Fífọ̀, rínrin, fífún àti sísá èèpo

Lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo gba èèpo, ṣùgbọ́n ó dọ̀tí. Ní ìgbà àkọ́kọ́ n kò fọ̀ ọ́, yanrìn inú rẹ̀ sì rọ̀ sí ìdí ìkòkò nígbà tí mo ń sè é, ìdí ìkòkò jóná, gbogbo rẹ̀ sì ń rùn bí ẹ̀bà tí ó jóná. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi omi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fọ̀ ọ́. Kílò 60 èèpo tútù ni mo kó ní oṣù kẹta; ó fi ọjọ́ 3 gbẹ lórí tapólì, ó sì ku kílò 18.

Ní oṣù kẹfà, ọ̀nà yẹn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Òjò ò jẹ́ kí èèpo gbẹ fún ọjọ́ 5, ó bu, ó yọ funfun àti dúdú, mo sì da kílò 22 rẹ̀ nù. Ohun tí ó yọ mí nínú ìṣòro yìí ni ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ nípa ohun ọ̀sìn ní ILRI, àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí nípa ohun ọ̀sìn, tí ọ́fíìsì wọn wà nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Ìbàdàn, ti ń kọ́ àwọn olóko: wọ́n ní kí a rin èèpo bí a ti ń rin ẹ̀gẹ́ gàrí, kí a fi àpò fún omi rẹ̀ dànù, kí a tó sá a. Èyí tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ gbẹ láàárín wákàtí 7 ní ọjọ́ kan tí òòrùn kò tilẹ̀ mú púpọ̀. Rínrin yìí ní àǹfààní kejì, nítorí pé nígbà tí èèpo bá fọ́ wẹ́wẹ́ ni sáyánáìdì inú rẹ̀ máa ń tú sílẹ̀, tí yóò bá afẹ́fẹ́ lọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rí nígbà tí a bá ń ṣe gàrí.

Ẹ má da omi tí ẹ fún lára rẹ̀ nù lójú ẹsẹ̀. Mo gbé e kalẹ̀ fún wákàtí 3, mo da omi orí rẹ̀ sínú kòtò tí ó jìnnà sí ipadò, mo sì bá sítáàṣì funfun ní ìdí abọ́. Mo tún fi omi mímọ́ ṣàn án lẹ́ẹ̀kan. Lára kílò 60 èèpo, kílò 1.1 sítáàṣì tútù ni mo rí padà lọ́nà yìí, ohun tí ì bá sì ti ṣòfò ni. Lẹ́yìn náà ni mo gbé èèpo gbígbẹ lọ sí ibi ẹ̀rọ ìlọta, tí a lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́. Ẹ san owó àgbàdo díẹ̀ kún un, kí wọ́n lè fi í fọ ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó lọ oúnjẹ ẹlòmíràn.

Ìgbìyànjú 1: Ìwúkàrà nìkan

Mo po kílò 6 ìyẹ̀fun èèpo mọ́ lítà 24 omi gbígbóná, mo jẹ́ kí ó tutù, mo sì da gíráàmù 50 ìwúkàrà lé e, ìyẹn yíìsì gbígbẹ tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò. Ó hó díẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ó sì dákẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin ó ti kan bí omi ògì, kò sì ní òórùn ọtí kankan.

Àṣìṣe mi nìyí: ìwúkàrà kì í jẹ sítáàṣì. Ṣúgà ni ó ń jẹ, díẹ̀ sì ni ṣúgà tí ó wà lára èèpo fúnra rẹ̀. Ohun kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gé sítáàṣì sí wẹ́wẹ́ kí ìwúkàrà tó lè rí nǹkan jẹ. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń ra ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà tí ń gé sítáàṣì bẹ́ẹ̀, tí a ti ṣe sínú ike fún iṣẹ́ yìí. Owó rẹ̀ kọjá agbára mi, wọn kì í sì í tà á ní ìwọ̀n kékeré ní agbègbè wa. Ṣùgbọ́n ẹ́ńsáìmù kan náà wà nínú ọkà tí ó bá ti hù, òun sì ni àwọn ìyá wa ti fi ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ láti ayébáyé.

Ìpele 2: Ẹ̀hù ọkà bàbà

Mo rẹ kílò 2 ọkà bàbà sínú omi fún wákàtí 24, mo ń pààrọ̀ omi náà ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ kí ó má baà rùn. Mo tẹ́ ẹ sórí àpò tí ó tutù, mo fi òmíràn bò ó, mo sì ń bu omi wọ́n ọn ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ̀hù rẹ̀ ti gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2. Ibi tí ó dé yìí ni kí ẹ ti dá a dúró. Bí ó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ ọkà yóò ti jẹ sítáàṣì ara rẹ̀ tán.

Níbí ni mo ti ṣe àṣìṣe kejì, òun ni ó sì dùn mí jù, nítorí pé ìkánjú ni ó fà á. Ojú ọjọ́ ṣú, mo sì rí i pé agbada gàrí ṣì gbóná lórí ààrò, ni mo bá da ẹ̀hù ọkà náà sí i, mo ń rò ó títí ó fi gbẹ kangí láàárín ogún ìṣẹ́jú. Mo lò ó nínú ìgbìyànjú 2, mo sì dá gbogbo ìgbóná mọ́ bí ó ti yẹ. Síbẹ̀, nígbà tí mo kán omi áyódìn, tí ń sọ sítáàṣì di dúdú, sí díẹ̀ lára rẹ̀ nínú àwo funfun, ó dúdú bí aró. Sítáàṣì ṣì wà níbẹ̀ ní odindi.

Mo gbé ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀hù náà lọ bá ìyá àgbà kan tí wọ́n ti ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kí wọ́n tó bí màmá mi. Wọ́n fi eyín gé ẹyọ kan, wọ́n sì wò mí.

“Ọmọ mi, ṣé inú agbada lo ti yan án?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Òjò ni kò jẹ́ kí n sá a.”

“O ti pa á nìyẹn. Ohun tó ń mú ọtí dùn ń bẹ láàyè nínú rẹ̀, iná ò gbọdọ̀ kàn án. Tí òòrùn ò bá sí, tẹ́ ẹ sínú ilé kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i. Ọjọ́ mẹ́ta ni, kì í ṣe ọjọ́ kan.”

Mo ṣe é bí wọ́n ti wí. Lẹ́yìn tí ó gbẹ, mo fi ọwọ́ ra á, mo sì fẹ́ gbòǹgbò àti ẹ̀hù ara rẹ̀ dànù, nítorí pé ẹ̀hù ọkà bàbà ní sáyánáìdì tirẹ̀ pẹ̀lú; inú wóró ọkà ni ẹ́ńsáìmù tí mo ń wá wà. Mo lọ̀ ọ́ láìjẹ́ kí ó kúnná jù. Kílò 2 ọkà fún mi ní kílò 1.6.

Ìpele 3: Sísọ sítáàṣì di ṣúgà

Ìpele yìí ni ọkàn gbogbo iṣẹ́ náà, ìwọ̀n ìgbóná sì ni ó ń darí rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ohun èlò tí a fi ń wo ìgbóná kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀. ₦4,500 ni mo ra tèmi, kò sì sí owó mìíràn nínú iṣẹ́ yìí tí ó ṣe mí láǹfààní tó o. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é láti ìgbìyànjú 3:

1. Mo máa ń po kílò 6 ìyẹ̀fun èèpo mọ́ lítà 24 omi tútù kí n tó gbé e kaná. Bí ẹ bá dà á sínú omi gbígbóná, yóò di kókó bí àmàlà tí a kò rò dáadáa, inú kókó náà kò sì ní jinná láéláé.

2. Nígbà tí ó bá gbóná dé 65°C, mo máa ń da gíráàmù 200 ẹ̀hù lílọ̀ sí i, mo sì ń rò ó fún ìṣẹ́jú 20. Ìdí èyí ni pé sítáàṣì ẹ̀gẹ́ máa ń ki gan-an bí ó bá ti ń jinná, tí ọmọ orógùn kò fi ní lè yí i mọ́. Ẹ̀hù díẹ̀ yìí yóò sọ ọ́ di ṣíṣàn kí ó tó hó.

3. Mo máa ń sè é kí ó hó fún ìṣẹ́jú 30, ní ìta gbangba, láìfi ọmọrí dé e. Sáyánáìdì tí ó bá ṣẹ́kù yóò bá ooru lọ, nítorí pé 26°C péré ni ó ti ń hó. Ẹ má dúró sí ibi tí ooru náà ń fẹ́ sí.

4. Mo máa ń sọ ọ́ kalẹ̀, mo ń rò ó títí yóò fi tutù dé 65°C, lẹ́yìn náà ni mo da gíráàmù 800 ẹ̀hù tí ó kù sí i. Mo fi àpò ìdọ̀họ àti aṣọ àtijọ́ wé ìkòkò náà, ó sì dúró láàárín 62°C sí 65°C fún wákàtí 2. Bí ó bá kọjá 75°C, ẹ́ńsáìmù á bẹ̀rẹ̀ sí í kú; bí ó bá tutù jù, iṣẹ́ á falẹ̀, kòkòrò àìrí tí ń sọ nǹkan di kíkan á sì ráyè wọlé.

5. Ní ìparí wákàtí kìíní mo máa ń kán áyódìn sí i: àwọ̀ ilẹ̀ pupa ni ó máa ń yọ. Ní ìparí wákàtí kejì, áyódìn kò ní yí àwọ̀ padà mọ́. Bí ẹ bá tọ́ ọ wò lórí ahọ́n, tí ẹ sì tu ú dànù, ẹ ó rí i pé ó ti ń dùn.

Mo tún ra háídírómítà ní ₦6,000, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì tí ń léfòó, tí a fi ń mọ bí ṣúgà inú omi ti pọ̀ tó. Ó ka 1.038 (omi lásán jẹ́ 1.000). Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí mo bá ní ẹ́ńsáìmù ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ìpele 4: Ìwúkàrà

Ìgbìyànjú 3 dé ibi yìí láyọ̀, ó sì bàjẹ́ níbẹ̀. Aṣọ nìkan ni mo fi bo ẹnu kẹ́ẹ̀gì, mo sì rin ìrìn àjò fún ọjọ́ 6. Nígbà tí mo padà dé, àwọn eṣinṣin wẹ́wẹ́ ti bo aṣọ náà, òórùn rẹ̀ sì ń ta ní imú. Ọtí náà ti rí afẹ́fẹ́, kòkòrò àìrí sì ti sọ ọ́ di fínígà. N kò dà á nù, mo sì dúpẹ́ pé n kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ìdí tí ẹ ó rí níwájú.

Ní ìgbìyànjú 4, mo jẹ́ kí omi ṣúgà náà tutù dé 32°C. Bébà tí a fi ń wo ìkan fi pH 5.2 hàn (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe kan tó), mo sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i títí ó fi wá sí 4.5, nítorí pé ìwúkàrà fẹ́ràn ibi tí ó kan díẹ̀, àwọn kòkòrò abanijẹ́ kò sì fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Gíráàmù 25 ìwúkàrà ni mo tú sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ṣíbí ṣúgà kan, mo dúró fún ìṣẹ́jú 15 títí ó fi rú, mo sì dà á sí i. Kẹ́ẹ̀gì lítà 30 ni mo lò. Mo lu ọmọrí rẹ̀, mo ki họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, mo sì ri ẹnu họ́ọ̀sì kejì bọ inú ìgò omi, kí afẹ́fẹ́ inú lè máa jáde ṣùgbọ́n kí ti ìta má lè wọlé. Ẹ má dé kẹ́ẹ̀gì pa pátápátá. Nínú gbogbo gíráàmù 100 ṣúgà tí ìwúkàrà bá jẹ, bíi gíráàmù 49 ni yóò di kábọ́ọ̀nù dàọ́síáìdì, bí kò bá sì rí ọ̀nà jáde, yóò fọ́ kẹ́ẹ̀gì náà.

Oòrùn ọ̀sán ilé wa máa ń sún inú kẹ́ẹ̀gì dé 36°C, mo sì rí i pé híhó rẹ̀ máa ń dín kù nígbà náà. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà sínú báàfù omi, mo fi àpò tútù wé e, ó sì dúró sí 30°C. Lẹ́yìn wákàtí 72 ó dákẹ́. Háídírómítà ti wálẹ̀ láti 1.038 sí 1.006, ìyẹn ni pé ó ti ní ọtí tó bíi ìdá 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo fi àpò sẹ́ ẹ, mo fi omi díẹ̀ ṣan èérí rẹ̀, mo sì ní lítà 25.

Ìpele 5: Sísè ọtí náà

Ìkòkò alumíníọ̀mù lítà 30 kan, páìpù bàbà mítà 3 tí a ká bí ìgbín sínú báàkẹ́tì omi tútù, àti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí a pò le láti fi dí etí ọmọrí: gbogbo ohun èlò mi nìyẹn. Ethanol, ìyẹn ọtí gidi tí a ń wá, ń hó ní 78.3°C, omi ní 100°C, nítorí náà ọtí ni ó máa ń pọ̀ jù nínú ooru tí ó kọ́kọ́ jáde.

Kí n tó ra páìpù bàbà, họ́ọ̀sì ike ni mo fi dánrawò. Ó rọ̀, ó sì mú kí ọtí náà pọ́n bí omi ọ̀gì, ó ń rùn bí ike tí ó jóná. Lítà 2 ni mo dà nù.

Ohun tí ó burú jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kejì tí mo ń sè é. Mo gbé ìgò tí ń gba ọtí sí ibi tí kò jìnnà ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ sí ààrò. Ooru ọtí tí ń jáde lẹ́nu ìgò wọ́ lọ bá iná, ọwọ́ iná sì padà wá sí ẹnu ìgò náà. Òòrùn mú, n kò sì tètè rí i, nítorí pé ojú kì í sábà rí iná ọtí ní ọ̀sán gangan; irun ọwọ́ mi tí ó ń jó ni mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. Àpò tútù tí mo fi ń wé kẹ́ẹ̀gì ni mo jù bò ó tí ó fi kú. Láti ọjọ́ náà, ògiri ìbúlọ́ọ̀kù ni ó ń wà láàárín ààrò àti ìgò, ìgò náà jìnnà ju mítà 3 lọ, ẹnu rẹ̀ ni mo fi aṣọ tútù dí yí páìpù ká, garawa yanrìn kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe é nínú ilé, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí.

Mílílítà 50 tí ó kọ́kọ́ jáde ni mo máa ń dà sílẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn májèlé tí ń tètè hó máa ń péjọ sí. Sísè àkọ́kọ́ fún mi ní lítà 4, ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ọtí. Mo tún un sè ní jẹ́jẹ́, iná kékeré, mo sì rí mílílítà 950 tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo rẹ ewúro gbígbẹ sínú rẹ̀ ní òru kan: ó di àwọ̀ ewé, ó sì korò tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí yóò fi ṣèèṣì mu ún.

Ohun tí mo rí nígbà tí mo lò ó

Nínú sítóòfù kékeré tí mo fi agolo ṣe, mílílítà 80 rẹ̀ mú kí lítà 2 omi hó. Kò ní èéfín, kò sì kun ìdí ìkòkò dúdú. Àǹtí mi fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ nítorí ojú wọn tí èéfín igi ti ń yọ lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́.

Mo dán an wò nínú bẹntiróò jẹnẹrétọ̀ kékeré pẹ̀lú, ìdá kan ọtí sí ìdá mẹ́sàn-án bẹntiróò, ṣùgbọ́n inú ìgò ni mo ti kọ́kọ́ pò ó, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kí n ba ẹ̀rọ jẹ́. Kí wákàtí kan tó pé, omi tí ó wà nínú ọtí ìdá 85 ti fa ọtí mọ́ra lọ sí ìsàlẹ̀ ìgò, bẹntiróò sì dá dúró lókè. Ọtí tí a óò pò mọ́ bẹntiróò gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá, sísè lásán kò sì lè gbé e kọjá ìdá 95.6 ní ìwọ̀n ìwúwo, bó ti wù kí a sè é tó. N kò tẹ̀ síwájú lórí ìyẹn.

Ìṣirò iná

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹni tí ń ka àkọsílẹ̀ yìí fi ọkàn sí jù lọ nìyí. Nínú ìgbìyànjú 4, mo wọn igi ìdáná tí mo lò láti ìgbà tí mo gbé ìyẹ̀fun kaná títí dé sísè ìkẹyìn: kílò 14. Agbára tí ó wà nínú igi náà tó bíi mẹ́gájúùlù (ìwọ̀n tí a fi ń ka agbára iná) 210. Èyí tí ó wà nínú mílílítà 950 ọtí mi kò ju 17 lọ. Mo ti jó igi tí ó ju ìlọ́po mẹ́wàá agbára ọtí náà lọ kí n tó rí i. Bí a bá ń gé igi tútù nínú igbó láti ṣe irú ọtí bẹ́ẹ̀, a ń ba ilẹ̀ jẹ́ ni, kò sì yẹ kí a máa pè é ní ọ̀nà àbáyọ.

Ní Brazil, níbi tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọtí fún ọkọ̀ ní ọdún 1975, pàǹtí ìrèké tí a ti fún omi rẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ ń jó láti fi sè ọtí. Iná ọ̀fẹ́ yẹn wà lára ohun tí ó mú ètò wọn dúró. Ìlànà epo láti ara irúgbìn tí ìjọba Nàìjíríà gbé jáde ní ọdún 2007 ka ẹ̀gẹ́ mọ́ ohun tí a ó fi ṣe é, ṣùgbọ́n èèpo ẹ̀gẹ́ tí ó ti bá omi lọ kò lè sun ara rẹ̀ bí pàǹtí ìrèké. A gbọ́dọ̀ wá iná náà níbòmíràn.

Mo ṣe àtúnṣe mẹ́ta. Mo fi amọ̀ mọ ààrò tí ó gba ìkòkò náà dáadáa, tí iná kò fi lè sá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo dáwọ́ igi dúró, èèpo èkùrọ́ láti ibi ìfúnpo tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni mo ń jó. Omi gbígbóná tí ó kù nínú ìkòkò lẹ́yìn sísè ni mo sì ń fi lítà 8 rẹ̀ po ìyẹ̀fun tí ó kàn, lẹ́yìn tí mo bá ti fi omi tútù lú ìyẹ̀fun náà, dípò kí n dà á nù. Ní ìgbìyànjú 7, kílò 6 èèpo èkùrọ́ ni mo lò. Iná tí mo jó ṣì ju iná tí mo rí lọ, ṣùgbọ́n pàǹtí ni gbogbo rẹ̀ báyìí, mo sì ń sọ ọ́ di iná tí kò ní èéfín tí a lè gbé wọ inú yàrá.

Owó

Ohun èlò: ìkòkò ₦28,000, páìpù bàbà ₦21,000, ohun ìwòngbóná ₦4,500, háídírómítà ₦6,000, kẹ́ẹ̀gì 2 ₦7,000, áyódìn ₦700. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦67,200.

Fún ìsè kan ní ọdún 2024: ọkà bàbà ₦1,200, ìwúkàrà ₦250, ìlọ̀ ₦500, ọsàn wẹ́wẹ́ ₦200, èèpo èkùrọ́ ₦400, ìyẹn ₦2,550 fún mílílítà 950, láìka iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, owó lítà bẹntiróò kan lé díẹ̀ ní ₦1,000. Gẹ́gẹ́ bí epo lásán, ọtí mi wọ́n jù.

Ohun mìíràn tí ó jáde nínú rẹ̀

Èrè tí mo rí gan-an kò sí nínú ọtí nìkan. Èérí tí mo sẹ́ kúrò gbẹ sí kílò 3.4, ìwúkàrà tí ó kú sínú rẹ̀ sì fi ohun amáralókun kún un; aládùúgbò wa tí ewúrẹ́ rẹ̀ kú ni mo kọ́kọ́ fún. Ìdá kan nínú márùn-ún oúnjẹ àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ ni mo ní kí ó fi ṣe, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti fi bọ́ ewúrẹ́ mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ 9, kò sì sí èyí tí ó ṣàìsàn.

Fínígà ìgbìyànjú 3 sì wúlò ju bí mo ti rò lọ. Ó bó ìpẹtà kúrò lára abẹ́ ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ ní alẹ́ kan. Àgbẹ̀ kan tí ó ní igi rọ́bà díẹ̀ gba lítà 1 lọ́wọ́ mi, ó pò ó mọ́ oje rọ́bà rẹ̀, ó sì dì gbagidi kí ilẹ̀ tó mọ́, bí ó ti máa ń ṣe pẹ̀lú ásíìdì tí ó ń rà nígboro. Ó ti ní kí n mú lítà 10 wá fún òun. Fínígà kò nílò sísè lẹ́ẹ̀mejì, kò nílò páìpù bàbà, iná rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti ọtí. Nítorí náà mo ti ya kẹ́ẹ̀gì kejì sọ́tọ̀ fún un: mo da fínígà àtijọ́ lítà 2 mọ́ lítà 15 omi ọtí tí ìwúkàrà ti ṣiṣẹ́ lé lórí tán, mo fi aṣọ tí eṣinṣin kò lè gbà kọjá bo ẹnu rẹ̀, mo sì gbé e sábẹ́ òrùlé ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ọjọ́ 16 rẹ̀ ni òní. Bébà ìkan fi pH 3.1 hàn ní àárọ̀ yìí, òórùn ọtí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára rẹ̀ tán.